Ohun Tí Ó Ṣẹ́kù Nídìí Epo: Ọ̀rọ̀ Tí Ìgbìmọ̀ Wa Sọ Níbi Ìpàdé Ọdún



Ní ìpàdé tí ó kọjá, àwọn ọmọ wa tí ó wà ní ìlú òyìnbó dábàá pé kí ẹgbẹ́ ra ohun èlò tí ń sọ epo jíjẹ di dísù fún àwọn ẹ̀rọ ìlọta wa. Wọ́n ní a lè fi ohun tí ó bá ṣẹ́kù ṣe háídrójìn, kí a sì tà á. Ẹ ní kí àwa wádìí rẹ̀ wá.

Òtítọ́ ni pé epo irúgbìn lè yí ẹ̀rọ. Ní ìpàtẹ ńlá ìlú Paris lọ́dún 1900, epo ẹ̀pà ni wọ́n fi yí ẹ̀rọ Diesel kan. Lóde òní, wọ́n á po epo mọ́ mẹ́tánọ́ọ̀lù àti kọ́sítíìkì; dísù á léfòó, omi dúdú tí ó ki á sì rì sísàlẹ̀. Gílísáríìnì ni omi yìí. Nínú kílò 100 epo, ó máa ń tó kílò 10. Kì í ṣe àjèjì sí wa: ó wà nínú ọṣẹ dúdú, nítorí eérú ni àwọn ìyá wa fi ń tú epo ní tiwọn, wọn kì í sì í yọ ọ́ kúrò.

Ti háídrójìn ńkọ́? Lọ́dún 2002, Cortright, Davda àti Dumesic ní Wisconsin, ní Amẹ́ríkà, fi omi gbígbóná tí wọ́n há mọ́ kí ó má baà di ooru yọ ọ́ jáde. Lọ́dún 2007, Valerie Dupont àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Leeds kéde ọ̀nà tiwọn: ooru omi ni wọ́n ń dà pọ̀ mọ́ gílísáríìnì nínú ìkòkò irin gbígbóná janjan. Gílísáríìnì á tú ká di háídrójìn àti irú afẹ́fẹ́ tí à ń mí sóde. Èròjà kan á sì fa afẹ́fẹ́ yẹn mu, kí háídrójìn lè mọ́. Bí a bá ṣírò rẹ̀ dé góńgó, kílò 92 gílísáríìnì kò lè mú ju kílò 14 háídrójìn wá, omi pàápàá sì dá sí i.

Ìmọ̀ tí ó jinlẹ̀ ni, a kò kẹ́gàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò rà á lọ́wọ́ wa? Kò sí ẹ̀rọ kan lọ́jà wa tí ń mu háídrójìn. Ó fúyẹ́, ó ń yọ́ jò, ó sì ń tètè gbiná. Àgbá alágbára ni a fi ń tọ́jú rẹ̀. Ìkòkò náà kò sì gbọdọ̀ tutù lójijì, iná mànàmáná wa sì rèé, ẹ mọ ìṣe rẹ̀.

Ìmọ̀ràn wa ni pé kí a má fọwọ́ kan epo pupa tí à ń jẹ. Kí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú epo tí àwọn alákàrà àti onídùndú ti dín nǹkan tán. Kí ilé ẹ̀rọ jìnnà sí ilé ìwé, nítorí májèlé ni mẹ́tánọ́ọ̀lù, ó ń fọ́ni lójú, ó sì ń pani. Kí a kọ́kọ́ yọ ọ́ kúrò nínú gílísáríìnì, kí a tó gbé e fún àwọn aláṣẹ wa tí ń ṣe ọṣẹ. Owó ìkòkò háídrójìn ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí a fi í rán ọmọ méjì lọ kọ́ ìmọ̀ yìí ní yunifásítì.

Ìwé ìṣirò owó náà wà lọ́wọ́ Akọ̀wé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó dìbò lọ́la.