Ọdẹ àti Èémí Rẹ̀
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú àwọn ọmọ ìlú ní ìpàdé ọdọọdún)

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ ọdẹ. Mo mọ̀ pé ìtàn iwin àti oògùn ni ọ̀pọ̀ yín ń retí. Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ àti èémí ni mo bá wá.

Nígbà èwe wa, igbó kò jìnnà sí ilé láti Ìkòròdú títí dé Ẹ̀pẹ́. Kò sí ẹni tí ó kọ́ wa ní eré ìdárayá. A ó kọ ebè láti òwúrọ̀, nígbà tí ilẹ̀ bá sì ṣú, a ó so iná mọ́ orí, a ó gbé ṣakabùlà kọ́ èjìká. Ní apá Ẹ̀pẹ́ a máa ń gba inú Erédò Ṣùngbọ́ kọjá, yàrá àtijọ́ tí ó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká ní nǹkan bí 160 kìlómítà, tí jíjìn rẹ̀ sì tó mítà 20 ní ibòmíràn. Ẹni tí ó bá gbé ìgalà kọ́ ọrùn gun ògiri yẹn ti mọ bí ọkàn òun ti le tó.

Ní ọdún 2009, mo ti di ẹni ọdún 57, mo sì ti fi ọdún púpọ̀ jókòó sí ọ́fíìsì l'Ékòó. Mo wálé ọdún, mo sì ní kí ọmọ àbúrò mi jẹ́ kí a jọ ṣọdẹ. Kí ó tó di ọ̀gànjọ́, mo yìnbọn fún túùkú kan. Ó gbọgbẹ́, ó sá wọ àbàtà. Ọdẹ kì í fi ẹran tí ó gbọgbẹ́ sílẹ̀: ìyà ni fún ẹran náà, ewu ni fún àgbẹ̀ tí yóò pàdé rẹ̀ láàárọ̀. Mo tẹ̀lé e díẹ̀, àyà mi bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkì, mo jókòó sílẹ̀ bí àpò gààrí.

Ọmọ náà ní, “Bàbá, ẹ dúró níbí, mò ń bọ̀.” Òun nìkan ni ó lọ. Mo pè é títí, kò dáhùn. Ilẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́ kí ó tó dé; ó ti pa túùkú náà, ṣùgbọ́n eyín rẹ̀ ti fa itan ọmọ náà ya. Kò bá mi wí rárá. Títí di òní, bí ó bá wọ ṣòkòtò kúkúrú, ojú mi kì í gbà á.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń rìn. Àwọn tí ń dọdẹ lórí òkè gíga ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà a máa fi oṣù mélòó kan gbé ẹrù rìn kí àkókò ọdẹ tó dé, nítorí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fúyẹ́. Tiwa kò nílò òkè. Ẹ gbé ẹrù díẹ̀, ẹ rìn, ẹ jẹ́ kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yín, kí wọ́n sì yẹ ojú yín wò. Ojú bàìbàì ni ó ń sọ ènìyàn di ẹtu lóru. Ẹ fi ògógóró sílẹ̀ nílé.

Ẹ má bi mí ìgbà tí a óò tún pa erin. Ìwọ̀nba tí ó kù nítòsí wa wà ní igbó Omo ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, igbó tí UNESCO fi orúkọ rẹ̀ sí ìwé ní 1977. Àwọn ọdẹ kan tí wọ́n ń pa ẹran níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti di olùṣọ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ kan náà ni wọ́n fi ń ṣe é.

Ní Sátidé tí ó ń bọ̀, ní aago mẹ́fà àárọ̀, èmi yóò gba ọ̀nà oko lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ bá mi rìn, kí ó gbé omi dání. Ọmọ àbúrò mi ni yóò ṣáájú.