Bọ́tìnì Mẹ́fà Kú Lẹ́ẹ̀kan Náà
Níbí ní Ìdànrè, àjákù pátákó káfíńtà ni mo fi kan àpótí joystick mi. Ihò bọ́tìnì kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó mílímítà 30. Bọ́ọ̀dù kékeré Raspberry Pi Pico ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú GP2040-CE, software ọ̀fẹ́.

Lọ́jọ́ ìdíje àdúgbò, bọ́tìnì mẹ́fà kú lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́! Díẹ̀ ló kù kí n ra bọ́ọ̀dù tuntun.

Mo tú u: wáyà ground kan ṣoṣo ló já. Láti bọ́tìnì kan dé òmíràn ló ń lọ. Tó bá já, gbogbo èyí tó tẹ̀lé e kú nìyẹn. Ní báyìí, mo ti so orí rẹ̀ kejì padà mọ́ bọ́ọ̀dù. Tó bá já lójú kan, ọ̀nà kejì ṣì wà.

Ẹ yẹ wáyà wò kẹ́ ẹ tó náwó.