Ojúṣe Ọ̀gá sí Ọmọ Iṣẹ́ Nínú Ìtọ́jú Àwọn Ọmọ Tó Ní Ìpèníjà

Àwa ọmọ Yorùbá tí a fi Kaduna ṣe ilé mọ̀ pé ọjọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wa kì í ṣe ọjọ́ jíjẹ àti mímu nìkan. Ọjọ́ tí a ń bi ara wa ní ìbéèrè tó le ni.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fún mi sọ ni ojúṣe àwọn onímọ̀ ìhùwàsí sí àwọn ọmọ iṣẹ́ àti òṣìṣẹ́ tó wà lábẹ́ wọn. Onímọ̀ ìhùwàsí ni ẹni tí Òyìnbó ń pè ní behavior analyst. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti wo ohun tí ènìyàn ń ṣe, ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú rẹ̀ àti ohun tó tẹ̀ lé e. Ìmọ̀ yìí ni yóò fi kọ́ ọmọ tí kò lè sọ̀rọ̀ bí yóò ṣe béèrè omi, tàbí tí yóò fi ran ọmọ tó ń gé ara rẹ̀ jẹ lọ́wọ́ kí ó lè jáwọ́. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tí à ń tọ́jú ló ní autism. Èmi náà ń ṣe iṣẹ́ yìí, mo sì ní ọmọ iṣẹ́ lábẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ náà kàn mí gbọ̀ngbọ̀n.

Ó kan ẹ̀yin náà. Ọ̀gá tó gba ìwé ẹ̀rí kọ́ ló ń jókòó ti ọmọ láti àárọ̀ di ọ̀sán. Ọ̀gá lè wá lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ wà lára ọmọ ni ọmọdébìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ẹ̀kọ́ girama, tàbí agùnbánirọ̀ kan tí kò gbọ́ orúkọ autism rí kí ó tó dé Kaduna. Bí a kò bá kọ́ ẹni yìí, tí a kò sì máa wò ó, ọmọ tí kò lè sọ̀rọ̀ kò ní lè délé sọ fún wa.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Miami

Ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ sí ìpínlẹ̀ Florida ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1965 ni ilé ìtọ́jú kan tó ń jẹ́ Sunland bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìlú Miami, fún àwọn tí ọpọlọ wọn kò jí pépé. Àwọn òṣìṣẹ́ kì í pẹ́ níbẹ̀ kí wọ́n tó lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò kọ́ iṣẹ́ náà pọ̀ nínú wọn. Nígbà tó yá, onímọ̀ kan dá ètò sílẹ̀ níbẹ̀ tí wọ́n ní ó dá lórí ìmọ̀ ìhùwàsí: ẹni tó bá ṣe dáadáa yóò gba àmì tí yóò fi ra ohun tó wù ú. Lórí ìwé, ètò náà dára.

Ní ọdún 1972, ìjọba gbé ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́sàn-án dìde láti wádìí ohun tó ń lọ níbẹ̀. Todd Risley àti Jack May, tí wọ́n jẹ́ onímọ̀ ìhùwàsí, wà nínú wọn. Ohun tí wọ́n rí bani nínú jẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ń na àwọn tó ń gbé ibẹ̀, wọ́n ń fi ọṣẹ fọ ẹnu wọn, wọ́n ń dè wọ́n mọ́lẹ̀, wọ́n ń dójú tì wọ́n ní gbangba, wọ́n sì ń pe gbogbo rẹ̀ ní ìtọ́jú.

Báwo ni ọ̀rọ̀ ṣe dà bẹ́ẹ̀? Kò ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan. Òṣìṣẹ́ tí kò mọ ohun tí yóò ṣe yóò ronú ìyà kan lójú ẹsẹ̀, yóò sì kọ ọ́ sínú ìwé iṣẹ́. Ẹni tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ yóò ka ìwé náà, yóò ṣe bẹ́ẹ̀, yóò tún fi díẹ̀ lé e. Nígbà tí kò sí ọ̀gá kankan tó sọ pé kò dára, ìdákẹ́ ọ̀gá di àṣẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi gbólóhùn yìí sọ́kàn: ìdákẹ́ ọ̀gá a máa di àṣẹ.

Lẹ́yìn ọ̀ràn yìí ni Florida gbé ìlànà kalẹ̀ fún iṣẹ́ náà, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í dán àwọn tó ń ṣe é wò kí wọ́n tó fún wọn ní ìwé ẹ̀rí. Láti ibẹ̀ ni àjọ tí wọ́n ń pè ní BACB ti jáde ní ọdún 1998. Ìlànà ìwà ọmọlúàbí tí àjọ yìí ń lò láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022 ní apá mẹ́fà. Apá kẹrin látòkèdélẹ̀ dá lórí ojúṣe ọ̀gá sí àwọn tó ń kọ́. N óò fi èdè tiwa ṣàlàyé ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ojúṣe márùn-ún

Èkínní, ọ̀gá kò gbọdọ̀ kọ́ni ní ohun tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀, kò sì gbọdọ̀ kó ọmọ iṣẹ́ jọ ju iye tí ojú rẹ̀ ká lọ. Ẹni tó ń kọ́ ọmọ kékeré ní ọ̀rọ̀ sísọ lè má mọ bí a ṣe ń tọ́jú àgbàlagbà tó ń lu ara rẹ̀. Kí ó sọ bẹ́ẹ̀, kí ó wá ẹni tó mọ̀ ọ́n. Télọ̀ tó gba aṣọ ọdún ogójì nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ ká ogún, ẹ mọ bí ọdún àwọn oníbàárà rẹ̀ ṣe máa ń rí.

Ìkejì, kí ọ̀gá fi iṣẹ́ hàn, kí ó má ṣe sọ ọ́ lẹ́nu nìkan. Ìgbésẹ̀ mẹ́rin ni: ṣàlàyé rẹ̀, ṣe é kí ó rí ọ, jẹ́ kí ó ṣe é lójú rẹ, kí o sì sọ ibi tó ti ṣe dáadáa àti ibi tó kù sí. Kí ẹ padà sí ìgbésẹ̀ kẹta títí yóò fi mọ̀ ọ́n. Àwọn baba wa tó kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀dẹ àti iṣẹ́ ọnà kò ní rí ohun àjèjì nínú èyí. Ṣùgbọ́n lónìí, à ń fún ọmọ ní ìwé ogún ojú ewé lọ́jọ́ Ajé, a sì ń fà á lé ọmọ ọlọ́mọ lọ́wọ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.

Ẹ̀kẹta, kí ọ̀gá fi ojú ara rẹ̀ rí iṣẹ́ náà. Ìlànà BACB ní kí àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní RBT, tí wọ́n kọ́kọ́ gba ẹ̀kọ́ wákàtí 40, máa rí àbójútó fún ó kéré tán ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún wákàtí tí wọ́n bá fi ṣiṣẹ́ lóṣù. Bí òṣìṣẹ́ bá fi wákàtí 100 ṣiṣẹ́ lóṣù kan, wákàtí 5 ni ti ọ̀gá. Ó gbọdọ̀ bá a pàdé lẹ́ẹ̀mejì ó kéré tán, kí ó sì wò ó pẹ̀lú ọmọ náà. Ẹni tó fẹ́ di ọ̀gá fúnra rẹ̀ lè ní láti ṣe wákàtí 2,000 lábẹ́ àbójútó. Ìwé àkọsílẹ̀ gbogbo èyí, ọdún 7 ni ọ̀gá yóò fi pa á mọ́. Nítorí náà, ọ̀gá tó jókòó sílé tó ń buwọ́ lu wákàtí tí kò rí, irọ́ ló ń pa. Ẹni tí irọ́ yẹn yóò sì dé bá ni ọmọ tí a óò fà lé akẹ́kọ̀ọ́ náà lọ́wọ́ lọ́la.

Ẹ̀kẹrin, bí iṣẹ́ kò bá lọ dáadáa, kí ọ̀gá kọ́kọ́ wo ara rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ kan ṣe é. Ọmọ kan wà tó máa ń gé ọwọ́ ara rẹ̀ jẹ nígbà tí wọ́n bá gbé iṣẹ́ kíkọ síwájú rẹ̀. Ẹ̀rù ba òṣìṣẹ́, ó gbé ìwé náà kúrò. Lọ́jọ́ kejì ọmọ tún gé e jẹ, wọ́n tún gbé e kúrò. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lójúmọ́ ti di ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá. Òṣìṣẹ́ kò burú, àánú ló ṣe é. Ṣùgbọ́n ó ti kọ́ ọmọ náà, láìmọ̀, pé gígé ọwọ́ jẹ ni ọ̀rọ̀ tó ń jẹ́ “ó tó.” Ọ̀gá tó ń wo àkọsílẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ yóò tètè rí i. Yóò béèrè bóyá ara ọmọ ń ro ó, kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò. Yóò mú kí iṣẹ́ náà rọrùn. Yóò kọ́ òṣìṣẹ́ bí ọmọ ṣe lè fi ọwọ́ tàbí àwòrán béèrè ìsinmi, kí wọ́n sì fún un ní ìsinmi náà kíá. Ọ̀gá tí kò wo àkọsílẹ̀ yóò lé òṣìṣẹ́ náà lọ, yóò gba òmíràn, nǹkan kan náà yóò sì tún ṣẹlẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún, kí ọ̀gá má fi ipò rẹ̀ jẹ ọmọ iṣẹ́ níyà. Ẹni tó fẹ́ kí o buwọ́ lu ìwé òun kò lè sọ pé òun kò ní fọ mọ́tò rẹ tàbí pé òun kò ní bá ọ pọn omi ayẹyẹ. Bí ó bá gbà, ẹ̀rù ló gbà á. Ìbálòpọ̀ láàárín ọ̀gá àti ẹni tó wà lábẹ́ àbójútó rẹ̀, èèwọ̀ pátápátá ni nínú ìlànà náà, bí ẹni náà tilẹ̀ ní òun fẹ́. Ẹ̀yin òbí tí ọmọbìnrin yín ń kọ́ṣẹ́, mo mọ̀ pé ẹ gbọ́ mi.

Ẹ̀rù ọmọ iṣẹ́

Èyí tó ń dùn mí jù lọ kù. Àwa Yorùbá kọ́ ọmọ pé kí ó má já àgbà nírọ́. Ẹ̀kọ́ rere ni, n kò sì ní kí a sọ ọ́ nù. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọmọdébìnrin tó rí i pé ohun tí ọ̀gá ní kí òun ṣe ń pa ọmọ lára. Ó ń pe ọ̀gá ní Mọ́mì. Báwo ni yóò ṣe sọ pé, “Mọ́mì, ohun tí ẹ ní kí n ṣe kò dára”? Yóò dákẹ́. Mo mọ ilé ìtọ́jú kan tí òṣìṣẹ́ mẹ́ta ti rí i pé wọ́n ń ti ọmọ kan mọ́lé lọ́sàn-án, tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò sì sọ títí bàbá ọmọ náà fi yọ sí wọn lójijì. Nígbà tí mo bi ọ̀kan nínú wọn léèrè, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ta ni mo fẹ́ sọ fún?”

Ìdáhùn ìbéèrè yẹn, ọrùn ọ̀gá ló wà. Òun ni yóò ṣílẹ̀kùn. Kí ó sọ ní ọjọ́ àkọ́kọ́ pé, “Bí o bá rí ohun tí kò tọ́ lọ́wọ́ mi, wá sọ fún mi, n kò ní bínú.” Kí ó máa béèrè lóṣooṣù. Bí ọmọ bá sì sọ ọ́ tán, kí ó dúpẹ́ lójú àwọn tó kù. Ìbáwí ni kí ó ṣe ní kọ̀rọ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ṣùgbọ́n bí àgbà bá yíjú sẹ́yìn, kí ẹni tó rí i lè ké sí i.

Tiwa ńkọ́?

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, BACB kò gba ìbéèrè tuntun fún ìwé ẹ̀rí mọ́ láti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, Nàìjíríà sì wà nínú wọn. Ìyẹn ni pé ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí láàárín wa kò sí lábẹ́ ojú àjọ náà. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọ ti ọdún 2003 wà, ó sì kọ fífi ìyà jẹ ọmọ. Ṣùgbọ́n òfin kì í wọ inú yàrá ìtọ́jú ní aago mẹ́wàá àárọ̀. Àwa òbí ni a lè wọ̀ ọ́. Bí ẹ bá fẹ́ gbé ọmọ fún ilé ìtọ́jú kan, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́rin wọ̀nyí. Ta ni yóò máa jókòó ti ọmọ mi? Ta ló kọ́ ọ, báwo ló sì ṣe kọ́ ọ? Ìgbà wo ni ọ̀gá fi ojú ara rẹ̀ wò ó kẹ́yìn? Ṣé mo lè wọlé wá nígbàkigbà láìsọ fún yín? Ẹni tó bá ń bínú sí ìbéèrè kẹrin, ẹ má fi ọmọ yín sílẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ sì ní ilé ìtọ́jú, mo mọ̀ pé owó kò sí, mo mọ̀ pé òṣìṣẹ́ kì í dúró. Ṣùgbọ́n wákàtí tí ẹ bá fi wo ọmọ iṣẹ́ yín kì í ṣe àfikún sí iṣẹ́. Òun gan-an ni iṣẹ́.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a fi ọmọ wa lé ọwọ́ ẹni tí kò ní ọ̀gá. Kí ó sì fún ẹni tó jẹ́ ọ̀gá ní ojú tó ń rí àti etí tó ń gbọ́. Àṣẹ.