Òṣùwọ̀n Ò Kúrò Lójú Kan: Keto Nílé Oníyán

 

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé tó kọjá, mo bọ́ bàtà, mo bọ́ wíìgì, mo gun òṣùwọ̀n. Kílò 89 àti díẹ̀. Ọjọ́ Ajé tó ṣáájú rẹ̀ ńkọ́? Kílò 89 àti díẹ̀. Èyí tó tún ṣáájú ìyẹn, bákan náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, mi ò fẹnu kan iyán, mi ò jẹ búrẹ́dì, mi ò mu mọ́lítì, òṣùwọ̀n yìí kàn ń wò mí bíi pé mi ò ṣe nǹkan kan. Mo gbé e, mo tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n padà sẹ́yìn díẹ̀. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ keto, kílò 94 ni mí. Kí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tó parí, kílò mẹ́ta ti lọ. Mo ya fọ́tò òṣùwọ̀n, mo gbé e sí status mi. Mo ti ń ṣírò: bí mẹ́ta bá ń lọ lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kò ní pẹ́ tí màá fi wọ aṣọ tí mo wọ̀ lọ́jọ́ tí mo wọlé yunifásítì. Ìṣirò yẹn gan-an ló kó bá mi.

Omi ló pọ̀ jù nínú kílò mẹ́ta yẹn. Ara wa máa ń tọ́jú lára ṣúgà tó ń rí látinú oúnjẹ pa mọ́ sínú ẹ̀dọ̀ àti iṣan. Glycogen ni wọ́n ń pè é. Lára àgbàlagbà, gbogbo rẹ̀ lè tó bí ìdajì kílò. Ṣùgbọ́n kì í dá gbé: gíráàmù kan rẹ̀ máa ń di omi bíi gíráàmù mẹ́ta mú. Bí ẹ bá jáwọ́ nínú kábù, ara á kọ́kọ́ ná ohun tó fi pa mọ́ yẹn, omi tó dì mú á sì bá ìtọ̀ lọ. Òṣùwọ̀n á já wálẹ̀, inú yín á dùn, ọ̀rá ṣì jókòó síbi tó wà. Ìgbà tí omi yẹn bá tán ni òṣùwọ̀n tó máa ń fi ti ọ̀rá hàn, ọ̀rá kì í sì í kánjú. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí ẹ bá jẹ iyán lálẹ́ ọjọ́ kan, kílò kan tàbí méjì lè padà kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ má sunkún. Omi ló padà wá.

Ọkùnrin kan wà ní London láyé ọjọ́un, William Banting lorúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ ìsìnkú ni ìdílé wọn ń ṣe, àwọn ló ń ṣètò ìsìnkú fún ìdílé ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1862, pọ́ùn 202 ni ọkùnrin yìí, ìyẹn bíi kílò 92, ó sì kúrú. Etí rẹ̀ ni ò gbọ́ràn dáadáa mọ́ tó fi lọ rí dókítà, dókítà ní kó fi búrẹ́dì, ṣúgà, bíà àti pòtétò sílẹ̀. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹsàn-án ọdún 1863, pọ́ùn 46 ti kúrò lára rẹ̀, bíi kílò 21. Ó kọ ìwé pélébé kan nípa rẹ̀, ìwé náà sì gbajúmọ̀ débi pé orúkọ rẹ̀ di ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún kéèyàn máa ṣọ́ oúnjẹ jẹ. Ẹ wá pín in wò. Ó lé ní ọdún kan, kílò 21. Kò tó ìdajì kílò lọ́sẹ̀. Ẹni tí gbogbo ayé pariwo rẹ̀ nìyẹn o.

Ti òde òní ńkọ́? Lọ́dún 2018, àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà gbé iṣẹ́ kan jáde nínú ìwé ìṣègùn tó ń jẹ́ JAMA. Èèyàn 609 ni wọ́n kó jọ, fún oṣù méjìlá. Apá kan dín kábù kù, apá kejì dín ọ̀rá kù. Àwọn tó dín kábù kù ò ṣe é le tó keto, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n rí: kílò mẹ́fà ni wọ́n jò ní ìpíndọ́gba, àwọn tó dín ọ̀rá kù jò ní kílò 5.3. Lódindi ọdún kan! Àwọn kan tilẹ̀ sanra sí i. Nígbà tí mo kà á, inú kọ́kọ́ bí mi. Lẹ́yìn náà ni ara tù mí. Èmi tí mo ti jò ní kílò mẹ́rin àti díẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méje, èmi ni mo ń pe ara mi ní ọ̀lẹ.

Ẹ wá wo ibi tí mo ti ń ṣe é. Ìjerò ni ilé wa. Tí mo bá ń lọ sílé láti Adó, tí mọ́tò bá ti kọjá Ìyìn àti Ìgèdè, tó dé Àrámọ̀kọ, inú mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í rántí iyán. Lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, títí lọ dé Ẹ̀fọ̀n, iyán ni wọ́n fi ń kí èèyàn káàbọ̀. Gíráàmù 100 iṣu ní kábù bíi gíráàmù 27. Ẹni tó ń ṣe keto sábà máa ń fi kábù mọ sí gíráàmù 20 sí 50 lójúmọ́. Òkèlè mélòó kan péré, ti ọjọ́ yẹn ti tán. Ẹ má sì sọ fún mi pé àmàlà fúyẹ́ o. Iṣu kan náà ni wọ́n gé tí wọ́n sá sóòrùn. Gàrí, ògì, ọ̀gẹ̀dẹ̀, kò sí èyí tó yọ nínú wọn. Torí náà ṣíbí ni mo fi ń jẹ ẹ̀gúsí àti ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, pẹ̀lú ẹja tàbí ẹyin. Màámi ní, “Ta ló ń fi ṣíbí jẹ ọbẹ̀ lásán? Ṣé ara ò yá ni?”

Màámi gan-an ni wọ́n jẹ́ kí n ṣe ètò tòní. Wọ́n ní àtọ̀gbẹ, wọ́n sì ń lo oògùn tó ń fa ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Wọ́n rí status mi, kílò mẹ́ta lọ́sẹ̀ kan. Wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n pa iyán tì, wọ́n pa ẹ̀kọ tì, ṣùgbọ́n wọ́n ń lo oògùn wọn pé pérépéré. Lọ́jọ́ kẹrin, àbúrò mi pè mí láàárọ̀ kùtù: màámi ń làágùn, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, ọ̀rọ̀ ò já gaara lẹ́nu wọn. Ṣúgà wọn ti já sílẹ̀ jù. Àbúrò mi po ṣúgà sómi fún wọn mu kí wọ́n tó gbé wọn lọ sílé ìwòsàn. Dókítà dín oògùn náà kù, ó ní kí wọ́n máa dín iyán kù díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n sì máa yẹ ṣúgà wọn wò.

Mo yọ fọ́tò yẹn kúrò lọ́jọ́ náà. Tí ẹ bá ń lo oògùn àtọ̀gbẹ tàbí ti ẹ̀jẹ̀ ríru, tí ẹ bá lóyún, tí ẹ ń fọ́mọ lọ́mú, tí kíndìnrín tàbí ẹ̀dọ̀ yín ò bá dáa, ẹ kọ́kọ́ rí dókítà. Ẹ jọ̀ọ́. Èmi ò mọ oògùn tí ẹ ń lò.

Ohun mìíràn tí àìnísùúrù fẹ́ ṣe fún mi nìyí. Ọ̀rẹ́ mi kan fi tíì kan hàn mí lórí WhatsApp, ó ní kílò mẹ́wàá lọ́sẹ̀ méjì. Mo ní kó ya ẹ̀yìn páálí rẹ̀ ránṣẹ́. Ewé senna ló wà níbẹ̀, ewé tó ń mú kéèyàn yàgbẹ́. Ẹ ti mọ ohun tó máa lọ: omi náà ni, àti àwọn iyọ̀ tí ọkàn èèyàn fi ń ṣiṣẹ́.

Mo ti yọ òṣùwọ̀n lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì o. Ọjọ́ Ajé nìkan ni mo ń gùn ún báyìí. Àwa obìnrin, tí nǹkan oṣù bá ń bọ̀, omi máa ń dúró sára, ọbẹ̀ oníyọ̀ náà máa ń fà á. Mo tún ra téèpù àwọn aránṣọ. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí òṣùwọ̀n ò fi kúrò lójú kan, ìbàdí mi ti fi íńṣì kan àti ààbọ̀ dín. Télọ̀ mi ló kọ́kọ́ sọ ọ́, mo rò pé ó ń wá owó ni.

Lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, àlejò ń bọ̀ nílé wa ní Ìjerò, èmi ni màámi ní kí n wá gún iyán. Mo ti ní kí wọ́n bu ẹ̀gúsí tèmi sọ́tọ̀, kí wọ́n fi ẹja méjì sí i. Ó dàbọ̀ o.