Ìtumọ̀ Ọ̀rọ̀ láàrin Ẹ̀yà sí Ẹ̀yà
(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní Ìdó-Èkìtì)

Bí ẹ̀yà méjì bá ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, wọn a máa pààrọ̀ ọ̀rọ̀ kí wọn tó mọ àṣà tí ó bí i.

Ẹ wo Bíbélì Yorùbá tí a parí ní 1884: Èṣù ni a pe ọ̀tá Ọlọ́run níbẹ̀. Lọ́dọ̀ àwọn baba wa, Èṣù ni ìránṣẹ́ tí ń gbé ẹbọ dé ọ̀run. Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn, wà lára àwọn tí ó túmọ̀ rẹ̀. Bí ọmọ onílẹ̀ bá ṣe é bẹ́ẹ̀, àjèjì ńkọ́?

Nítorí náà, àwa tí a ń pe ilé ní “ulé”, ẹ jẹ́ kí a kọ ọ̀rọ̀ wa sílẹ̀ láti ẹnu àwọn àgbà, kí ẹlòmíràn tó túmọ̀ rẹ̀ fún wa. Ẹyin lọ̀rọ̀, bí ó bá bọ́, fífọ́ ní ń fọ́.