"Bọ" Yàtọ̀ sí "Bọ́": Gbòǹgbò Ọ̀rọ̀ Ẹbọ

Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ o. Mo júbà Olódùmarè, mo júbà Ọ̀rúnmìlà, mo júbà ẹ̀yin àgbà awo, ẹ̀yin ìyánífá àti gbogbo ọmọ Odò-Ọwá tí ó pé síbí.

Inú ìkíni yẹn ni ọ̀rọ̀ mi wà. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ awo, mo wí fún olúwo mi láàárọ̀ ọjọ́ kan pé, "Baba, mo ti bọ́ Ifá." Wọ́n ní, "Ṣé ọmọ ọwọ́ ni Ifá ni?" Wọ́n ní kí n máa tún un wí títí ohùn mi fi wálẹ̀ sí *bọ*. Nísinsìnyí, mo ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ wa pé oúnjẹ ni à ń fún òrìṣà, pé ara *bọ́* ni ẹbọ ti jáde.

Bí a bá sọ ọ̀rọ̀-ìṣe di orúkọ, ohùn rẹ̀ kì í yẹ̀. *Jó* di ijó, *kú* di ikú, *bẹ̀* di ẹ̀bẹ̀. Bí ó bá jẹ́ *bọ́* ni, ẹbọ́ ni à bá máa pè é. Ní ti abọ̀rìṣà tí ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, òrìṣà ló ni ohùn ìsàlẹ̀ yẹn, ìsúnkì ló gbé e wá. Ẹ wo ìbọrí: orí kò ní ohùn ìsàlẹ̀, *bọ* sì dúró bí ó ṣe wà.

Irú àríyànjiyàn yìí bá àwọn ará Íńdíà náà. Nínú èdè Sáńskríìtì, *hotar* ni orúkọ àlùfáà ìrúbọ kan. Yāska, onímọ̀ èdè wọn àtijọ́, ní ara ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí pípè ni ó ti wá. Ó sì sọ pé Aurṇavābha ní ara *hu* ni, èyí tí í ṣe dída ọrẹ sínú iná. Ohùn ló yanjú tiwa.

Kí wá ni *bọ*? Ẹni tí a ń bọ́, ọwọ́ wa ni ó ń wò. Ẹni tí a ń bọ, àwa ni à ń wo ọwọ́ rẹ̀. Obì àti omi tútù tó láti fi bọ orí. Ta ni wọ́n lè yó? Àwọn tí ń fi ẹbọ bú wa pàápàá, kí wọ́n ṣí Léfítíkù: ẹbọ sísun ni Àjàyí Crowther àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ síbẹ̀. Wọn kò rí ọ̀rọ̀ mìíràn tí ó tó o.

Bí a bá dé iwájú Ifá lálẹ́ òní, èmi yóò máa fetí sí ohùn ẹ̀yin ọmọ awo.