Òṣùwọ̀n Máàkì àti Ìdájọ́ Ọmọ

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ìjòyè àti àwọn ọmọ ìlú sọ ní Tube



Ọ̀rọ̀ tí a mú wá síwájú yín ni ọ̀rọ̀ nọ́ńbà àti lẹ́tà tí àwọn olùkọ́ ń kọ sínú ìwé èsì ìdánwò àwọn ọmọ wa. Ó lè dàbí ọ̀rọ̀ kékeré létí, ṣùgbọ́n nípa rẹ̀ ni a fi ń yan ọmọ tí yóò lọ sí yunifásítì àti ọmọ tí yóò jókòó sílé; nítorí rẹ̀ ni bàbá ṣe ń yin ọmọ kan, tí ó sì ń na èkejì. Síbẹ̀ púpọ̀ nínú àwọn tí ń ṣe ìdájọ́ náà kò béèrè irú òṣùwọ̀n tí a fi wọn ọmọ.

Gbogbo wa mọ̀ pé kòńgò ọjà kan lè má bá ti ọjà kejì mu. Ẹni tí ó ra àgbàdo ní ọjà kan láti lọ tà á ní òmíràn yóò kọ́kọ́ wo bí kòńgò ibẹ̀ ti tóbi tó, kí ó tó dá owó lé e. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni máàkì rí.

Ní ẹkùn tiwa yìí, òṣùwọ̀n ju ẹyọ kan lọ. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù August ọdún 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fọwọ́ sí àdéhùn ààlà; lẹ́yìn-ọ-rẹyìn, Kétu bọ́ sí ọwọ́ Faransé, àwa sì bọ́ sí ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1963 ni a dá Comprehensive High School sílẹ̀ ní Ayétòrò nítòsí wa, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà. Lónìí, ọmọ ìyá kan náà lè ní ọmọ kan ní ilé ẹ̀kọ́ Ìlaròó, òmíràn ní Kétu, òmíràn lókè òkun. Ẹ jẹ́ kí a gbé òṣùwọ̀n mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹ̀ wò.

Èkíní ni tiwa. Àjọ WAEC, tí a dá sílẹ̀ ní 1952, ń fi ipele mẹ́sàn-án wọn ọmọ, láti A1 títí dé F9. Nínú òṣùwọ̀n tí àwọn olùkọ́ wa ń lò, 75 sókè ni A1, 50 sí 54 ni C6, 45 sí 49 ni D7, 40 sí 44 ni E8. Èyí tí kò tó 40 ni F9. Láti A1 dé C6 ni a ń pè ní kírẹ́dìtì. D7 àti E8 kì í ṣe ìkùnà, ṣùgbọ́n wọn kò ṣí ilẹ̀kùn yunifásítì. Kírẹ́dìtì márùn-ún ni a ń kà níbẹ̀, pẹ̀lú èdè Gẹ̀ẹ́sì, àti ìṣirò fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀kọ́. Ẹ kíyè sí i pé kíkà ni èyí, kì í ṣe ìròpọ̀: bí ọmọ gba A1 méje, tí ó sì gba E8 nínú Gẹ̀ẹ́sì, A1 méje náà kò lè san gbèsè ẹyọ kan yìí.

Èkejì ni ti Bìnì Olómìnira, níbi tí 20 jẹ́ òpin máàkì. Ìka kò dọ́gba níbẹ̀. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìwúwo tirẹ̀. Bí ìwúwo ìṣirò bá jẹ́ 4, tí ti èdè sì jẹ́ 2, ọmọ tí ó gba 15 nínú ìṣirò àti 9 nínú èdè yóò ní 60 àti 18, àpapọ̀ 78. A ó pín in sí ọ̀nà 6, yóò sì jẹ́ 13. Bí ó bá jẹ́ èdè ni ó ti gba 15, tí ó gba 9 nínú ìṣirò, 11 péré ni yóò ní. Ẹni tí ó bá ní 10 ti yege. 12 ni Assez bien, 14 ni Bien, 16 sì ni Très bien. Níhìn-ín, iṣẹ́ kan lè gbé èkejì dìde.

Ẹ̀kẹta ni ti Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń pè ní GPA. A jẹ́ 4, B jẹ́ 3, C jẹ́ 2, D jẹ́ 1, F jẹ́ òfo. A ó rò wọ́n pọ̀, a ó sì pín in. Ilé ẹ̀kọ́ púpọ̀ ń fi 5 fún A nínú iṣẹ́ tí ó le jù. Àwọn yunifásítì tiwa náà ń ṣe ìṣirò bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ nínú wọn 5 ni A, a sì ń sọ ọ́ di púpọ̀ ní ìwọ̀n ìwúwo iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, 4.00 jẹ́ òkè téńté ní ilé ẹ̀kọ́ Amẹ́ríkà kan, ṣùgbọ́n ní irú yunifásítì wa bẹ́ẹ̀ kò tí ì dé ipele kìíní, tí ó bẹ̀rẹ̀ láti 4.50.

Wàyí o, ẹ mú ọmọ mẹ́ta tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba 75 nínú 100. Lọ́dọ̀ wa, A1 ni, kò sí èyí tí ó ju ú lọ. Ní Kétu, 15 nínú 20 ni, Bien ni wọn yóò pè é. Ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ Amẹ́ríkà, C ni. Bí ẹ̀gbọ́n tí ó wà lókè òkun bá rí 75 ọmọ wa tí ó sì pè é ní ọ̀lẹ, a ti rẹ́ ọmọ náà jẹ. Bí ọmọ bá ti Kétu dé pẹ̀lú 12, tí bàbá rẹ̀ sọ pé, “Mẹ́jọ ni o sọnù yìí,” ó ti bú ọmọ tí ó yẹ kí ó kí.

Nítorí náà, ẹ̀yin àgbà, ohun mẹ́ta ni a ń bẹ̀ yín fún. Ẹ béèrè òṣùwọ̀n kí ẹ tó yìn tàbí kí ẹ tó bú. Ẹ má ṣe gbójú lé ipò nìkan, nítorí ẹni tí ó ṣe ìkíní láàárín ọmọ mẹ́wàá lè má mọ̀wé tó ẹni tí ó ṣe ìkejìlá láàárín ọgọ́rin. Bí ẹ bá sì fẹ́ ran ọmọ kan lọ́wọ́ láti tẹ̀ síwájú, ẹ ka èsì iṣẹ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì pe olùkọ́ tí ó lè túmọ̀ rẹ̀ fún yín.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Láti òkèèrè ni àwọn òṣùwọ̀n wọ̀nyí ti wá bá wa. Ṣùgbọ́n ìdájọ́ lórí ọmọ wa, ọwọ́ wa ni ó wà. Ẹ jẹ́ kí a ṣe é pẹ̀lú ìmọ̀.